Egungun Méje Tó Yí Ojú Ká

Ìgbà tí Abọ́sẹ̀dé máa kọ́kọ́ rí Àmínù, ṣe ni ọkùnrin náà gbé agbárí òkú kan sókè sí ojú fèrèsé, ó ti ìka bọ inú ihò ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Òjò ń rọ̀ ní Yaba láàárọ̀ ọjọ́ náà. Iná ti lọ. Yàrá egungun ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà ṣókùnkùn bí inú àpótí, àfi ibi fèrèsé yẹn nìkan. Ọkùnrin gíga kan ni, lẹ́búlẹ́bú igi kún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, irun orí rẹ̀ sì ti rin fún òjò. Abọ́sẹ̀dé ló ń tọ́jú gbogbo egungun inú yàrá náà láti ọdún mẹ́jọ. Òun ló ń fọ̀ wọ́n, òun ló ń kọ nọ́ńbà sí wọn lára, òun náà ló sì ń tò wọ́n síwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àlejò náà.

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan án?"

Ọkùnrin náà kò jáyà. Ó rọra gbé agbárí náà padà sórí tábìlì, bí ẹni gbé ọmọ tuntun sórí ẹní.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Dókítà Mabel ló ní kí n dúró dè yín níbí. Èmi ni káfíńtà. Àmínù lorúkọ mi, Pápá Àjàó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà."

"Ṣé káfíńtà ló máa ń tọwọ́ bọ òkú lójú?"

"Mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú egungun yẹn kọjá ni, lápá imú níbí. Ó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń fá igi, mi ò tíì fá èyí tó fẹ́lẹ́ tó báyìí kí ó má fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa ya fọ́tò pẹ̀lú agbárí, wọ́n a sì máa sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀fẹ̀. Kò sí ẹni tó ti yin ẹni tó ṣe é rí. Abọ́sẹ̀dé rí i pé ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu òun náà, ó yára wo ilẹ̀.

Dókítà Mabel, ọ̀gá ẹ̀ka náà, fẹ́ kí wọ́n fi igi gbẹ́ ihò ojú kan tó tóbi tó apẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú kíláàsì lè rí i. Ó ní kí ó ṣeé tú sí ọ̀nà méje, nítorí egungun méje ló para pọ̀ kọ́ ilé tí ẹyinjú ń gbé. Ó ní kí Abọ́sẹ̀dé máa ṣàlàyé fún káfíńtà náà títí iṣẹ́ á fi parí.

Bí Àmínù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nìyẹn, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Abọ́sẹ̀dé á gbé agbárí síwájú rẹ̀, á máa fi pẹ́ńsùlù tọ́ka.

"Egungun iwájú orí ni òrùlé. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ògiri ìta. Egungun àgbọ̀n òkè ni ilẹ̀ tí ẹyinjú jókòó lé. Àwọn tó kù wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú."

"Èyí tó kéré jù yìí ńkọ́?"

"Egungun omijé nìyẹn. Kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ẹ wo gọ́tà tó wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni omijé ń gbà wọ inú imú. Òun ló fà á tí imú fi máa ń ṣomi téèyàn bá ń sunkún."

Àmínù gbé pẹ́ńsùlù tirẹ̀ sílẹ̀. "Ìyẹn ni pé nígbà tí bàbá mi kú, tí mò ń fun ikun, tí ẹ̀gbọ́n mi ní mò ń dójú ti òun láàárín àlejò, omijé ni mò ń fun?"

"Omijé wà nínú ẹ̀."

"Abájọ tí àwọn àgbà fi ní ohun tó bá ojú á bá imú. Ṣé wọ́n ti la agbárí wò ni?"

Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ní Surulere láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì, bàbá náà, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, aago mẹ́fà àárọ̀ ni í gbàdúrà, aago méje ni í mu tíì, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Ọkùnrin méjì ti wá fẹ́ Abọ́sẹ̀dé rí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé egungun òkú ló ń fọ̀ jẹun, ẹsẹ̀ wọn ò tún gba ojúlé náà mọ́.

Àmínù kò bi í bóyá ẹ̀rù máa ń bà á. Ohun tó bi í ni pé, "Ta ni àwọn èèyàn yìí tẹ́lẹ̀?"

"A kì í mọ̀."

"Ṣé ẹ máa ń kí wọn?"

Abọ́sẹ̀dé wo ẹ̀yìn kí ó tó dáhùn. "Láràárọ̀," ó ní. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, Àmínù mú àgbàdo sísè àti àgbọn wá. "Àǹtí, ẹ wá jẹ àgbàdo."

"Ẹ ju mí lọ, ẹ ṣì ń pè mí ní Àǹtí."

"Kí ni kí n máa pè yín?"

"Abọ́sẹ̀dé."

"Ó ti gùn jù. Sẹ̀dé ńkọ́?"

"Bàbá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Nígbà náà, màá lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn."

"Orúkọ lo fẹ́ lọ tọrọ?" Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí "ẹ" di "o" lẹ́nu òun.

"Ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ ná."

Ó lọ lóòótọ́. Ó wọ agbádá funfun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì ní Surulere, ó sì ní òun wá tọrọ ààyè láti máa pe ọmọ wọn ní Sẹ̀dé. Bàbá ní kí ó dìde. Ó bi í léèrè ìdílé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ó bi í léèrè ibi tí ó ti ń kírun. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní, "Mùsùlùmí wà nínú ẹbí tiwa náà. Ọkùnrin tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ ni. A ó máa wò ó." Lẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì, ìyẹn ti pọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ayọ̀ náà dúró. Ojú ọ̀run ti ṣú láti àárọ̀. Abọ́sẹ̀dé lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àmínù ní Pápá Àjàó, láàárín ẹni tó ń jó irin àti ẹni tó ń rán ìjókòó mọ́tò, láti lọ wo ibi tí iṣẹ́ dé. Àmínù ti fi igi àrẹ̀rẹ̀, igi fífúyẹ́, gbẹ́ àwọn egungun tó fẹ́lẹ́. Òrùlé nìkan ló kù, ìrókò ló fi ṣe é, ó sì gbé e lé orókún bí ẹni gbé ọmọ.

"Kòtò kan wà níbí," ó ní. Ó fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ òrùlé náà, ní igun òkè lápá etí. "Mo rí i lára agbárí, mo sì gbẹ́ ẹ bí mo ṣe rí i. Àmọ́ èèyàn kì í gbẹ́ kòtò lásán. Kí ló ń gbé inú ẹ̀?"

"Ìsun omijé. Kò ju ẹyọ ẹ̀pà méjì tó lẹ̀ mọ́ra lọ. Ibẹ̀ lomijé ti ń sun, á gba ojú kọjá, á wá wọ gọ́tà ẹ̀gbẹ́ imú. Fi ìka tọ abẹ́ irun ojú rẹ títí dé ìpẹ̀kun. O ó kan etí egungun. Ìsun náà sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ò lè tó o."

Àmínù fi ìka méjèèjì tọ ojú rẹ̀ méjèèjì. "Mo kan etí egungun lọ́tùn-ún. Tòsì..." Ó dákẹ́. Ó tún un tọ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. "Tòsì ti kún. Ó dà bíi pé ẹni tó gbẹ́ mi gbàgbé láti gbẹ́ kòtò ibẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi ìka tirẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ máa kan ojú ọkùnrin náà. Ara rẹ̀ gbóná, ó rọ̀, àfi ibi kan ṣoṣo lábẹ́ egungun níbi tí nǹkan kan ti le bí ẹ̀wà tí wọ́n dì sínú aṣọ.

Ó wá wo ojú rẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń wo àwọn tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ojú òsì wálẹ̀ díẹ̀ ju tọ̀tún lọ, nǹkan ti tì í sápá imú. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti ń rí i. Ó rò pé bó ṣe máa ń dẹjú wo igi ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ ti fẹ́ràn ojú tó wálẹ̀ yẹn; ó ti máa ń ronú kàn án kí ó tó sùn.

"Ṣé ó máa ń dùn ẹ́?"

"Bíi kí wọ́n fi irin ìgbẹ́gi gún mi lẹ́yìn ojú. Mo rò pé lẹ́búlẹ́bú igi ló ń wọ̀ ọ́."

"Látìgbà wo?"

"Bí oṣù Kejì." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó má tíì mú un kúrò. "Sẹ̀dé, kí lo rí?"

Wọ́n ya fọ́tò inú orí rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn. Wọ́n bu díẹ̀ nínú nǹkan tó le náà lọ yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí Dókítà Ayọ̀miídé tó pè wọ́n. Obìnrin kúkurú kan ni, tí kì í fi ṣúgà sí ọ̀rọ̀.

"Jẹjẹrẹ ni. Inú ìsun omijé ló ti bẹ̀rẹ̀. Kì í sáré, àmọ́ ó mọ ọ̀nà. Iṣan tó ń gbé ìrora ló máa ń tọ̀ lọ, òun ló fi ń dùn yín. Ó ti ń jẹ egungun òrùlé."

"Kí lẹ máa yọ?" Àmínù bi í.

"Gbogbo ohun tó wà nínú ihò ojú òsì. Ìsun omijé, ẹyinjú, ẹran tó yí wọn ká, ìpéǹpéjú, àti egungun níbi tó ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó lo ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Dókítà, ojú yìí ṣì ń ríran. Mo ń fi wò yín báyìí."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Tí ẹ bá yọ ọ́, ṣé ó tán nìyẹn?"

Dókítà náà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó lè padà wá. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń gbà yọ, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá."

Àmínù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ń lọ níwájú, Abọ́sẹ̀dé ń sáré tẹ̀ lé e nínú ẹrẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò wẹ̀yìn.

Abọ́sẹ̀dé kò fi pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Tíì rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀.

"Sẹ̀dé," ó ní nígbà tó yá, "ọdún mẹ́rin ni mo fi wẹ ìyá rẹ. Mo mọ bí jẹjẹrẹ ṣe ń rùn. Mo mọ bó ṣe máa ń ṣeni tó bá jẹ́ pé èèyàn ń fetí sí èémí ẹlòmíràn láti yàrá kejì. Gbogbo ohun tí mo bẹ Ọlọ́run lẹ́yìn ìsìnkú ni pé kó má fi ṣe ẹ́. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Sá, ọmọ mi."

"Dádì, ṣé ẹ̀yin sá?"

Òjò ń lù pánù lókè wọn. "Mo ti fẹ́ ẹ ná," bàbá ní. "Mo ti fẹ́ ẹ kí n tó mọ̀. Ìwọ ò tíì fẹ́ ẹnì kankan."

Abọ́sẹ̀dé kò sá. Àmọ́ ẹni tó ń gbìyànjú àtidúró tì gan-an kò jẹ́ kí ó dúró. Fóònù Àmínù kú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Rùkáyàt, tó ń ta pákó ní Òtò, gbé iṣẹ́ náà wá sí Yaba nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó ti parí, ó ń dán, egungun méjèèje há ara wọn láìsí ìṣó kan. Bébà kan wà nínú rẹ̀.

"Sẹ̀dé, mo ti gbà kí wọ́n ṣe é. Jọ̀ọ́, má wá. Ihò ojú tí ò ń wò lójoojúmọ́ ti tó. Mi ò fẹ́ kí o tún máa wo tèmi."

"Àǹtí Rùkáyàt," Abọ́sẹ̀dé bẹ̀ ẹ́, "ọjọ́ wo ni iṣẹ́ abẹ náà?"

Rùkáyàt fi ìborùn nu ojú. "Ó ní kí n má sọ." Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró. "Ọjọ́rú," ó ní láìwẹ̀yìn, ó sì lọ.

Ní Ọjọ́rú, Abọ́sẹ̀dé jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀ ilé-ìwòsàn láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò jẹ ohunkóhun. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé ọkùnrin náà ti jáde ní tíátà, ó ń mí, ó dìde, ó lọ sílé. Àmínù ti ní kí ó má wá. Ó bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ ń dùn ún wọra.

Oṣù méjì ló lọ bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ kò dárúkọ ọkùnrin náà, òun náà kò dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nínú kíláàsì, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ọwọ́ bọ inú igi ńlá náà, ó bi í pé, "Àǹtí, kí ló máa ń wà nínú kòtò yìí?" Abọ́sẹ̀dé gbé pẹ́ńsùlù rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ síta, ó dúró ti ògiri. Ó fẹ́ sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ bí yanrìn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló pinnu pé ọ̀wọ̀ náà tó gẹ́ẹ́. Ó wọ mọ́tò, ó di Òtò, láti lọ bi Rùkáyàt léèrè ibi tí Àmínù wà.

Yàrá méjì ni Rùkáyàt ń gbé, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to pákó sí. Bí Abọ́sẹ̀dé ṣe fẹ́ kan ilẹ̀kùn, ó rí bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà aláwọ̀ dúdú ni, ó ti gbó, ẹni tó ni ín sì kùn ún dáadáa. Òun ló ra bàtà náà fún bàbá rẹ̀ ní Kérésìmesì.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó so ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ ojú fèrèsé. Abọ́ omi iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì di òwú mú. Níwájú rẹ̀, Àmínù gbé orí sẹ́yìn, ó ti gbẹ gan-an, ó di orókún ara rẹ̀ mú. Bàbá ń fọ ihò ojú rẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì?"

"Ti ilẹ̀kùn," bàbá ní. "Eṣinṣin."

Ó tì í. Bàbá ju òwú náà sínú ọ̀rá, ó mú òmíràn, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìka ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wá ẹ wálé, o wà níbi iṣẹ́. Ó ní nọ́ọ̀sì tó ń fọ̀ ọ́ ò wá mọ́, òun náà ò lè wò ó, tóun bá ti rí i, òun á dá kú. Mo ní màá sọ fún ẹ. Mi ò sọ fún ẹ. Èmi ni mo wá, láti wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọmọ mi sílẹ̀."

"Kí wọ́n tó jókòó tán ni mo ti sọ fún wọn pé mo ti fi ẹ́ sílẹ̀," Àmínù ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ ọ́. Àmọ́ bándéèjì ojú rẹ̀ ti lò tó ọjọ́ mẹ́rin, mo sì gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà." Bàbá mí kanlẹ̀. "Òórùn tí mo mọ̀ ni. Kí ni kí n ṣe? Kí n ki fìlà bọrí kí n máa lọ sílé lọ mu tíì? Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kọkànlá rèé."

Abọ́sẹ̀dé sún mọ́ wọn. Àmínù yíjú sí ògiri. "Má wò ó, Sẹ̀dé. Mo bẹ̀ ẹ́."

"Yíjú sí mi."

"Kò dára láti wò."

"Àmínù, yíjú sí mi."

Ó yíjú. Ihò náà jìn, ó pupa, ó mọ́. Ó rí òrùlé níbi tí wọ́n ti gé e, ó rí ògiri ìta, ó rí ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀ lórúkọ, àmọ́ kò tíì rí i pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń lù kìkì lára rẹ̀ rí. Èyí yè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ti Yaba nìyẹn, ó sì tó o. Nígbà náà ni omijé tó ti ń wá láti oṣù méjì dé, ó wá bí ẹni tú ìdè ẹran.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Bàbá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó gbé irin náà sílẹ̀.

"Kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, Abọ́sẹ̀dé ń lọ sí Òtò ní ìrọ̀lẹ́, bàbá ń lọ ní àárọ̀. Wọ́n jọ gba ìtànṣán kọjá. Àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àmínù dúdú bí èédú, ó ń bì, ó ń bínú, ó ju ife lu ògiri lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù, òòlù bọ́ sí àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí ojú kan kì í mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ó jókòó sórí pákó. Abọ́sẹ̀dé jókòó tì í.

"Fẹ́ mi," Abọ́sẹ̀dé ní.

Ó wò ó bí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. "Àwọn dókítà máa yẹ àyà mi wò lóṣù tó ń bọ̀. Jẹ́ ká gbọ́ èsì ná. Tó bá mọ́..."

"Tí kò bá mọ́ ńkọ́?"

"Nígbà náà, mi ò ní sọ ẹ́ di opó."

"Bàbá mi ní òun ti fẹ́ ìyá mi kí òun tó mọ̀, ìyẹn lòun ò fi sá. Èmi náà fẹ́ fọwọ́ sí i kí n tó mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ó dà bíi pé èsì ló fẹ́ ẹ fún mi."

"Olórí kunkun ni ẹ́."

"Ẹni tó ń kí òkú láràárọ̀, ṣé o rò pé ó máa gbọ́ràn sí alààyè lẹ́nu?"

Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó sì gbé orí lé èjìká rẹ̀.

Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba ìbílẹ̀ ní Surulere. Àfáà kan ti kọ́kọ́ ṣàdúrà fún wọn ní àgbàlá Rùkáyàt, Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì sì ṣe tirẹ̀ nínú ìwé àdúrà rẹ̀ tó ti ya. Èèyàn mẹ́fà péré ni wọ́n, pẹ̀lú Dókítà Mabel. Àmínù fi aṣọ funfun bo ojú òsì rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, bíírò rẹ̀ ṣìnà, ó fa yíǹkì kọjá ìlà. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà fẹ́ mú ìwé tuntun wá. Abọ́sẹ̀dé ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó gbé e dé orí ìlà, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ sí tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ibi méjèèjì náà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu ún, ó ń nu ún.

"Mi ò sọ pé ẹ̀rù ò bà mí," ó sọ fún Àmínù.

"Ó ń ba èmi náà, Dádì."

"Ó dáa. A ti di mẹ́ta."

Èsì jáde lọ́jọ́ Bọ̀. Dókítà Ayọ̀miídé fi fọ́tò náà hàn wọ́n lójú iná. Nǹkan méjì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ.

"A ó máa ṣọ́ wọn," ó ní. "Oṣù mẹ́ta mẹ́ta."

"Ọdún mélòó?" Abọ́sẹ̀dé ló béèrè.

"Mo ti rí ẹni tó lo mẹ́sàn-án. Mo ti rí ẹni tó lo méjì." Dókítà náà wo òrùka ọwọ́ wọn.

Wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn ilé-ìwòsàn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń sáré wá ibi orí wọn yóò bọ́ sí. Abọ́sẹ̀dé kò wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tu Àmínù nínú. Kò sí èyí tí kò ní jẹ́ irọ́.

"Oṣù mẹ́ta," Àmínù ní nígbà tó yá. "Kí lèèyàn máa ń fi oṣù mẹ́ta ṣe?"

"Ilẹ̀kùn iwájú ilé Dádì ti jẹrà. Wọ́n ní kí o wá gbẹ́ òmíràn."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀? Pẹ̀lú ojú kan?"

"Wọn ò dárúkọ ojú. Wọ́n ní, 'Sẹ̀dé, sọ fún ọkọ rẹ.'"

Ó wo òjò náà. Ó nu ojú rẹ̀ kan tó kù, ó sì fun imú.

"Irú igi wo ni wọ́n fẹ́?"

"Èyí tó máa pẹ́."

"Àfi ìrókò nìyẹn," Àmínù ní. "Rùkáyàt ní ìrókò." Ó na apá sí i, Abọ́sẹ̀dé sì dì í mú, wọ́n jọ bọ́ sínú òjò, wọ́n ń wá ọkọ̀ Òtò.